Ohun Tí M&B Kò Lè Pa

Nínú agolo Bọ́nfítà kan tí ìyá bàbá mi máa ń tì sábẹ́ ibùsùn ní Ìkìrun, oògùn funfun roboto kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìgbàṣẹ. M&B la mọ̀ ọ́n sí. Ibà ni o, ikọ́ ni o, inú rírun ni o, Màmá á ṣí agolo, wọ́n á yọ hóró kan, wọ́n á dúró tì wá títí omi á fi gbé e lọ. Bó bá jẹ́ egbò ẹsẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á bù ú sójú egbò. A kò béèrè ohun tí lẹ́tà méjì yẹn dúró fún. Oògùn ni, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ máa ń gba Rainham Road South kọjá ní Dagenham, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dagenham East. Ọgbà ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Londoneast-uk lónìí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé inú ọgbà yẹn ni oògùn inú agolo Màmá ti ṣẹ̀ wá. John May àti William Baker ló dá ilé iṣẹ́ May & Baker sílẹ̀ ní Battersea lọ́dún 1839; ní 1934 ni ilé iṣẹ́ náà kó wá sí Dagenham. Àwọn onímọ̀ rẹ̀ ń po èròjà tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nígbà tí wọ́n dé orí 693, dókítà Lionel Whitby dán an wò ní ilé ìwòsàn Middlesex ní Lọ́ńdọ̀nù, lára eku tí wọ́n ti kó kòkòrò òtútù àyà sí lára. Àwọn eku náà yè. Ọdún 1938 ni. Kó tó dìgbà náà, bí òtútù àyà bá ti wọ ènìyàn lára, àdúrà àti ẹni tó máa jókòó tì í lóru ló sábà máa ń kù. Ní oṣù Kejìlá 1943, nígbà tí àìsàn yìí dá Winston Churchill dùbúlẹ̀ ní Túnísíà láàárín ogun, M&B ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀.

Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án 1944, tí May & Baker fi dé Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ apoògùn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà. Bí orúkọ àwọn ará Battersea méjì ṣe dé abẹ́ ibùsùn ní Ìkìrun nìyẹn. Ti Dagenham ti kógbá sílé ní tirẹ̀. Sanofi, tó jogún rẹ̀, kéde ní 2009 pé àwọn máa tì í, wọ́n sì tì í ní 2013.

Mo bọ̀wọ̀ fún oògùn náà gan-an. Ó ṣeé ṣe kí n má wà láyé bí kò bá sí. Ṣùgbọ́n ó fi àṣà kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa tí ó wá wọ ọkọ̀ òfurufú bá wa dé Barking àti Dagenham: a gbà pé àìsàn kan kò sí tí hóró oògùn kan kò wà fún, àti pé ìgbà tí ara bá gbóná tán ni ọ̀rọ̀ ìwòsàn ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá lẹ́yìn ìsìn. "Mo gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ jí-pí (dókítà àdúgbò), ara ọmọ ń jó bí iná, wọn ò fún mi ní nǹkan kan! Wọ́n ní kí n máa fún un lómi, kí n lo parasítámọ̀." Ìyá náà á wá lọ tú àpótí tó gbé dé láti Èkó, á wá kápúsù inú rẹ̀ kàn. Inú ń bí i, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbínú, nítorí kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún un. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé M&B kò pa fáírọ́ọ̀sì kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni kápúsù inú àpótí. Bakitéríà ni wọ́n mọ̀.

Ẹni tó bá ti dé oko obì tàbí oko kòkó rí mọ àfòmọ́. Kò ta gbòǹgbò sílẹ̀. Ẹyẹ ló ń gbé èso rẹ̀ wá, orí ẹ̀ka igi ni yóò ti hù, oúnjẹ igi náà ni yóò máa fà mu. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Bakitéríà dà bí koríko inú oko. Ó ní ara tirẹ̀, ó ní ògiri tirẹ̀, ó ń wá oúnjẹ tirẹ̀, nítorí náà a lè rí oògùn tó máa ba koríko jẹ́ tí kò ní ṣe kòkó ní nǹkan. Fáírọ́ọ̀sì ni àfòmọ́. Kò lè jẹun, kò lè bímọ, àfi bó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara wa, tó sì fi ohun èlò wa rọ irú ara rẹ̀ lọ́pọ̀. Ẹ̀ka tó dì mọ́ jẹ́ tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ gé e ní láti ṣọ́ra kó má gé igi. Ìdí nìyí tí oògùn fáírọ́ọ̀sì kò fi pọ̀, tí ọ̀pọ̀ jù lọ sì mọ ìlẹ̀kùn kan tàbí méjì péré. Èyí tó ń tẹ HIV rì kò mọ ohun tó ń jẹ́ èèyi. Èyí tó wà fún ọ̀fìnkìn líle ti fúlúù máa ń wúlò jù bí a bá tètè lò ó láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Kò sí ohun tó lè ṣe fún dìgbòlugi.

Ohun tó ṣẹ́gun àfòmọ́ ju ohunkóhun lọ ni kí igi ti mọ̀ ọ́n kó tó bà lé e. Iṣẹ́ àjẹsára nìyẹn. Nínú gbogbo ìtàn ayé, àrùn fáírọ́ọ̀sì méjì péré ni a ti pa run pátápátá, ọ̀kan ti ènìyàn, ọ̀kan ti ẹran. Ti ènìyàn ni Ṣọ̀pọ̀nná, tí àwọn baba wa bẹ̀rù débi pé Olóde ni wọ́n ń pè é, kí pípe orúkọ rẹ̀ má baà pè é wá. Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sápará, ọmọ Yorùbá, fi ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ ìjọba ní Èkó jà kí àwọn ènìyàn lè gbàbẹ́rẹ́ rẹ̀. Ní 1970 ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 1980 ni wọ́n kéde pé ó ti tán láyé. Ti ẹran ni rinderpest, tó ń pa màlúù lágbo lágbo. Wọ́n kéde òpin rẹ̀ ní 2011, Walter Plowright ló sì ṣe àjẹsára tó kápá rẹ̀ ní Kẹ́ńyà. Kò sí oògùn kan tó wo ọ̀kankan sàn nínú méjèèjì. A kò mu hóró kan fún wọn. Abẹ́rẹ́ ni, láti agboolé dé agboolé, láti gàá dé gàá.

Ó dùn mọ́ mi pé May & Baker ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti ń wo apá ibẹ̀. Òun àti ìjọba àpapọ̀ jọ ní Biovaccines, òun ní ìdá 51, ìjọba ní 49, kí Nàìjíríà lè tún máa ṣe àjẹsára tirẹ̀, nítorí ilé iṣẹ́ àjẹsára ìjọba ní Yaba ti dákẹ́ láti 1991. Yaba yìí kan náà ni àjọ Rockefeller fi ibùdó sí ní 1925 láti wá ohun tó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Adrian Stokes kó àrùn náà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kú ní Èkó ní 1927. Ní ọdún yẹn náà ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ará Gánà kan tó ń jẹ́ Asibi, ẹni tó kó àrùn náà tó sì yè é. Láti ara kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni Max Theiler ti tọ́ àjẹsára 17D dàgbà ní New York ní 1937. Òun la ṣì ń gbà títí di òní. Gbogbo ẹni tó bá yọ yẹ́lò kádì ní pápákọ̀ òfurufú, ohun tó ti ara Asibi wá ló wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé. Àwọn 218,900 ni ìkànìyàn 2021 kà ní Barking àti Dagenham, àwa ọmọ Yorùbá sì pọ̀ láàárín wọn; ẹni tó bá rìn ní Heathway lọ́sàn-án Sátidé kò nílò kí a sọ fún un. Nígbà tí Kòrónà dé, ibí yìí wà lára ibi tó ti kọlù wá jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní 2021, Sadiq Khan, olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kéde pàjáwìrì, ó ní ẹnìkan nínú ọgbọ̀n ará ìlú ló ní in. Tiwa burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé kan ṣoṣo lè ní ọmọ ìyá tó ń ṣiṣẹ́ kíà lọ́dọ̀ àwọn arúgbó, bàbá tó ń wa bọ́ọ̀sì, ọmọ tó ń lọ sí wíáháòsì lóru, bàlùwẹ̀ kan ni gbogbo wọn sì ń lò. Ta ni nínú wọn tó lè gbé kọ̀ǹpútà jókòó sílé? Nígbà tí ìjọba ṣírò àwọn tó kú nínú ìgbì àkọ́kọ́, ìwọ̀n tí ọkùnrin adúláwọ̀ láti Áfíríkà fi kú ju ìlọ́po méjì ti aláwọ̀ funfun lọ, irú iṣẹ́ àti irú ilé tí a ń gbé sì wà lára ohun tó fà á.

Síbẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ dé, ọ̀pọ̀ nínú wa yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mọ àwọn tí kò gbà á, n kò sì ní pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ẹnìkan rán mi létí ọ̀ràn Kano. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọdé níbẹ̀, Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ọmọ mọ́kànlá kú nínú àwọn igba tó wà nínú àyẹ̀wò náà. Ilé iṣẹ́ náà kò gbà pé oògùn àwọn ló fà á, ṣùgbọ́n ní 2009 ó fara mọ́ ìpinnu láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìpínlẹ̀ Kano. Ẹni tó bá gbọ́ èyí tó sì fà sẹ́yìn, ohun tó ń bà á lẹ́rù ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé, kí ló tẹ̀lé e? Ní 2003, Kano dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró fún nǹkan bí ọdún kan. Fáírọ́ọ̀sì náà kò mọ̀ pé a ń bínú. Ó rìn láti ibẹ̀ dé orílẹ̀-èdè tó ju mẹ́wàá lọ, títí dé Indonéṣíà, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tiwa ló sì kọ́kọ́ rọ.

Ìtàn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kò parí sí Kano. Ó dé ẹnu ọ̀nà wa. Ẹni tó bá dúró ní Creekmouth, níbi tí odò Roding ti wọ Thames ní Barking, yóò rí Beckton ní òdìkejì omi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ omi ẹ̀gbin di mímọ́, ibi irú rẹ̀ tó tóbi jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi ilé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn ló ń ṣàn lọ síbẹ̀. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Keje 2022, àwọn tó ń bu omi yẹn wò rí kòkòrò àrùn náà, pólíò irú kejì, nínú rẹ̀ léraléra. Ní 1984 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó kó pólíò ti inú igbó, èyí tí kò ti ara àjẹsára wá, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọmọ tó rọ lọ́tẹ̀ yìí. Omi ló tú àṣírí.

Ibo ló ti wá? Èyí ni apá tó máa ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú, ó sì yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Àjẹsára tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu ní ilẹ̀ wa ní kòkòrò pólíò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára nínú. Ọmọ á gbé e, ara á kọ́ ọgbọ́n, kòkòrò náà á sì bá ìgbẹ́ jáde. Bí gbogbo ọmọ àdúgbò bá ti gbàjẹsára, kò rí ibi lọ, á kú. Bí ọ̀pọ̀ kò bá tíì gbà á, á máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara ìkejì, oṣù á gorí oṣù, títí yóò fi rántí agbára tó ti sọnù. Àwọn onímọ̀ lè ka ìtàn ìrìnàjò rẹ̀ lára rẹ̀ bí ẹni ń ka ilà ojú. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2004 kò ní kòkòrò tó wà láàyè nínú. Ó dáàbò bo ẹsẹ̀ ọmọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dí ọ̀nà inú ìfun, nítorí náà kòkòrò lè máa rìn lábẹ́lẹ̀ láàárín àwọn tí ara wọn yá.

Ní oṣù Kẹjọ 2022, wọ́n pinnu pé kí gbogbo ọmọ ọdún kan sí mẹ́sàn-án ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù gba abẹ́rẹ́ àfikún, Barking àti Dagenham kò gbẹ́yìn. Mo rántí lẹ́tà náà. Mo rántí ìyá kan tó bi mí lójú ọ̀nà ilé ìwé pé, "Ṣé pólíò tí a sá fún nílé náà ni wọ́n tún ń wí níbí?" Òun náà ni, ìyá. Ní ìparí 2024 wọ́n tún rí i nínú omi ẹ̀gbin ní ìlú mélòó kan ní Yúróòpù, Lọ́ńdọ̀nù wà lára wọn, ilà ojú rẹ̀ sì tọ́ka sí ìdílé kan tó kọ́kọ́ hàn ní Zamfara. A ti gba ìwé ẹ̀rí ní 2020 pé pólíò ti inú igbó ti tán ní Áfíríkà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèwálé Tómórì sì wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn títí, ẹni tó to àwọn ilé àyẹ̀wò pólíò jọ káàkiri Áfíríkà fún àjọ ìlera àgbáyé. Dókítà ẹran ni Tómórì kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ rẹ̀, mo sì rò pé ó jẹ́ kó tètè mọ̀ pé àrùn kì í béèrè ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin. Èyí tó kù báyìí ni ti àwọn ọmọ tí àjẹsára kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti Zamfara sí Beckton, àárín wọn kò jìn tó bí a ṣe rò.

Ti èèyi, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní mísùsù, kò nílò àlàyé gígùn. Kò sí fáírọ́ọ̀sì tó ń ràn tó o. Ọmọ 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbọ́dọ̀ gbàjẹsára kó tó lè dúró, Lọ́ńdọ̀nù kò sì dé ibẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó ń sá fún un nítorí èròjà ara ẹlẹ́dẹ̀, irú kan wà tí kò ní in. Priorix lorúkọ rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n á fún yín. Àjẹsára fúlúù tí wọ́n ń fín sí ọmọ nímú ní in, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó dípò rẹ̀ kò ní.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró tì díẹ̀ ni jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B, nítorí òun ni a kì í sọ. Àyẹ̀wò gbogbogbò tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé ó wà lára ènìyàn 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ka orí nínú mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì yín, kí ẹ wá ṣírò. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé àwọn ní in, nítorí kì í dunni. Ọwọ́ ìyá ni púpọ̀ ti gbà á lọ́jọ́ ìbí, tàbí ní kékeré. Bí ìkókó bá kó o, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni yóò bá a gbé títí ayé. Bí àgbàlagbà bá kó o, ara ọ̀pọ̀ jù lọ á lé e jáde fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, abẹ tí a kò sè ni ọ̀nà tó ń gbà. Àwo kan náà, fífara mọ́ra, omi ìwẹ̀, kò gba ibẹ̀. Ó lè gbé inú ẹ̀dọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún láìfọhùn, kó tó wá sọ ẹ̀dọ̀ di aláàpá tàbí kó di jẹjẹrẹ.

Láti oṣù Kẹrin 2022, ẹni tó bá dé ẹ̀ka pàjáwìrì ní àwọn ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n lè yẹ HIV, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C wò pẹ̀lú rẹ̀, àfi bó bá ní òun kò fẹ́. Àwa tí a ń lọ sí Queen's ní Romford tàbí King George ní Goodmayes ti di ara èyí. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ fi ń gbọ́ ọ: ẹni lọ nítorí ẹsẹ̀ tó rọ́, lẹ́tà jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ló tẹ̀lé e délé. Mo mọ ọkùnrin kan tó ká tirẹ̀ sínú Bíbélì fún oṣù mẹ́jọ. Ó rò pé wọ́n máa gba iṣẹ́ kíà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rò pé ìyàwó máa kó jáde, ó ń mu àgbo tí ẹnìkan ń fi ìgò kó wá fún un, àwọn àgbo mìíràn sì wà tó ń pa ẹ̀dọ̀ lára ju àìsàn tí a mu ún fún lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀dọ̀ níkẹyìn, hóró tenofovir kan lójúmọ́ ni wọ́n fún un. Kò wò ó sàn pátápátá. Ó ń tẹ kòkòrò náà rì, ẹ̀dọ̀ sì ń rímú mí. Wọ́n yẹ ìyàwó wò, kò ní in, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Wọ́n ṣì jọ wà. Irú C tilẹ̀ ti ní oògùn tó ń lé e jáde pátápátá láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá, nígbà mìíràn mẹ́jọ, hóró lásán.

Obìnrin tó bá lóyún níbí, wọ́n á bi í bóyá ó fẹ́ àyẹ̀wò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Kó gbà. Bí ó bá ní in, ọmọ á gba abẹ́rẹ́ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n bí i, ọ̀nà tó gbà wọlé láti ìran dé ìran á sì dí. Ẹ̀yin tí ìwé yín kò tíì pé, ẹ má ṣe torí ìyẹn sá. Ẹnikẹ́ni ló lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ jí-pí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtọ́jú irú àwọn àrùn àkóràn báyìí kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, HIV wà nínú rẹ̀ láti 2012.

Adìẹ ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ilé Becontree, tí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù kọ́ láti 1921 sí 1935, ní ọgbà lẹ́yìn, mo sì mọ àwọn ènìyàn wa tó ń sin adìẹ níbẹ̀ nítorí ẹyin àti nítorí ìrántí ilé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2024, ẹni tó bá ní adìẹ kan ṣoṣo ní England gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, nítorí fúlúù ẹyẹ H5N1. Nílé, lúkúlúkú ni a mọ̀ tó ń gbá agbo adìẹ lọ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà fún un. H5N1 ló wọ Nàìjíríà ní 2006, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i ní Áfíríkà, obìnrin kan sì kú nípa rẹ̀ ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2007. Ẹni tó bá rí ẹyẹ tó kú ní Parsloes Park, kó má fọwọ́ gbé e. Òfin kò tún fàyè gbà á kí a da ẹ̀bà tó ṣẹ́kù fún adìẹ. Ohun tó bá ti wọ ilé ìdáná kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu wọn, àfi ilé tí ẹran, ẹyin àti wàrà kì í wọ̀ rárá.

Òfin yìí le, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó bí i. Ní oṣù Kejì 2001, ní ilé ìpẹran kan nítòsí Brentwood, tí kò jìnnà sí Dagenham, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn ẹnu-àti-pátákò lára ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé oko kan ní àríwá tí wọ́n ti ń fún ẹlẹ́dẹ̀ ní àjẹkù oúnjẹ. Ẹran tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ni wọ́n pa kó tó dáwọ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba kílíṣí àti ẹran ìgbẹ́ lọ́wọ́ wa ní pápákọ̀ òfurufú. Mo mọ bó ṣe ń dunni, ìyá ẹni ló dì í. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Àró ohun tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ ṣe fún wọn ní 2020. Kò sí oògùn fún un. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún wọ inú kòtò.

Ní oṣù Kẹjọ tó kọjá, àǹtí mi pè mí láti Ìkìrun. Ajá ti bu ọmọ ọmọ wọn jẹ ní ọwọ́, ajá tí wọn ò mọ olówó rẹ̀. Ọmọ náà ń gbé Dagenham, ìsinmi ló lọ ṣe. "Má dààmú," àǹtí wí, "a ti já kápúsù, a ti da ẹ̀tù rẹ̀ sójú egbò, ẹ̀jẹ̀ ti dá." Mo tún rí agolo Màmá lójú mi.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ lọ́wọ́ dìgbòlugi ajá láti 1922, nítorí náà àwọn ọmọ tí a bí síbí máa ń na ọwọ́ sí ajá gbogbo. Nílé, ajá tí kò gbàjẹsára pọ̀. Nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dún láyé, ọmọdé ni ọ̀pọ̀, ẹnu ajá ló sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Bó bá ti fara hàn, kò sí ilé ìwòsàn tó lè dá a padà. Ṣùgbọ́n kó tó fara hàn, àyè wà, nítorí díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn lójú iṣan lọ sínú ọpọlọ. Ọṣẹ ń ba awọ rẹ̀ jẹ́. Abẹ́rẹ́ ń jẹ́ kí ara dè é lọ́nà kó tó dé ọpọlọ.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ ẹ̀tù yẹn kúrò. Ẹ gbé ọwọ́ ọmọ sábẹ́ omi tó ń ṣàn, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo lónìí, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Kì í ṣe lọ́la o."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ṣé aṣọ ni?"

"Ẹ má pa fóònù. Èmi á bá yín kà á."

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé kẹ́tùlù. Mo gbọ́ ọmọ tó ń sunkún, mo gbọ́ omi tó ń dà sínú báàfù. Mo gbé aago síwájú mi lórí tábìlì ní Dagenham, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.